Bọ́ọ̀dù Méjì, Àdírẹ́ẹ̀sì Kan

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tó ba nǹkan jẹ́ fún Salimat. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ara mi láró lójú yín. Tábìlì ìdáná mi ní Forest Park, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni mo ti tẹ̀ ẹ́, lórí kọ̀ǹpútà mi. Ọmọbìnrin náà jókòó tì mí, ó ń nu ojú, èmi sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àwọn aláṣẹ. Lẹ́tà ọ̀hún ò ju ìlà mẹ́fà lọ. Mo tilẹ̀ tún gírámà rẹ̀ ṣe.

Adédìran lorúkọ mi. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni títún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àmì ara páálí ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ tó ń wù mí ni aago bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ní ìlú yìí ló máa ń fi ilé ńlá kan ṣe ilé ìtọ́jú arúgbó: arúgbó márùn-ún tàbí mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn. Ohun tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ni kí arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìsí ẹni tó máa dì í mú. Mo wá ṣe ẹní pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Bí arúgbó bá ti kúrò lórí rẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ máa gba orí Wi-Fi ránṣẹ́ sí àpótí kan tó wà ní pálọ̀. Aago á dún, nọ́ńbà yàrá á sì hàn lójú àpótí náà.

Báwo ni àpótí ṣe ń mọ yàrá? Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ tí wọ́n ti jó mọ́ ọn lára níbi tí wọ́n ti ṣe é, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ní méjì-méjì. Kò yẹ kí bọ́ọ̀dù méjì láyé ní ẹyọ kan náà. Ara àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo yẹn náà ni bọ́ọ̀dù ti ń yọ àwọn mìíràn tó bá nílò: á fi oókan kún un fún iṣẹ́ kan, á fi eéjì kún un fún òmíràn, bí ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì ṣe ń di Ìdòwú, tí èyí tó tẹ̀lé Ìdòwú ń di Àlàbá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ronú orúkọ. Àpótí mi sì ní ìwé nínú orí rẹ̀: àdírẹ́ẹ̀sì báyìí, yàrá kìíní; àdírẹ́ẹ̀sì báyìí, yàrá kejì. Ó tán.

Àmọ́ ẹni tó ń kọ ètò sí bọ́ọ̀dù lágbára láti bo àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bí i mọ́ mọ́lẹ̀, kó sì fún un ní òmíràn. Kò léèwọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó rí i dájú pé ẹni tó ni àdírẹ́ẹ̀sì náà tẹ́lẹ̀ ò sí lórí afẹ́fẹ́ mọ́, kó sì kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí, pẹ̀lú ohùn olùkọ́ àgbà.

Ilé Aunty Yéjídé ní Austell ni ilé àkọ́kọ́ tí mo gbé aago mi dé. Nígbà tí mo dé láti Ìbàdàn tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni, inú ilé wọn ni mo gbé fún oṣù mẹ́jọ, oúnjẹ wọn ni mo jẹ, ìjọ wọn ni mo sì tẹ̀lé wọn lọ títí ó fi di ìjọ tèmi. Nọ́ọ̀sì ni Aunty, ọwọ́ wọn mọ́, wọn kì í sì í sọ nǹkan nù. Wáyà ẹ̀rọ tó ti kú láti ọdún márùn-ún ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n ká a, wọ́n fi rọ́bà dì í. Bí o bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, “O ò mọ ọjọ́ tó máa wúlò.”

Mr. Eli ló wà ní yàrá karùn-ún. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ogójì ọdún ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní oṣù kẹta, bàbá da sweet tea, tíì tútù onísúgà wọn, sórí bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, iná rẹ̀ sì kú. Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ní bọ́ọ̀dù tuntun nínú mọ́tò. Ohun tó tọ́ ni pé kí n kọ àdírẹ́ẹ̀sì bọ́ọ̀dù tuntun sínú àpótí, kí n sì pààrọ̀ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ìdáná, èyí tí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba máa ń wò, tó sọ àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ ti yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn á gbà mí ní ààbọ̀ wákàtí. Ogún ìṣẹ́jú ni mo ní.

Mo fún bọ́ọ̀dù tuntun ní àdírẹ́ẹ̀sì bọ́ọ̀dù tó kú. Ìlà mẹ́ta péré. Aago dún, ojú àpótí kọ “5”, ìwé ara ògiri ò yẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀dù àtijọ́ sórí tábìlì, mo ní, “Aunty, èyí ti kú o,” mo sì sáré jáde. Mi ò ní kí wọ́n jù ú nù. Mi ò sì sọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni. Inú mi tilẹ̀ dùn lójú ọ̀nà pé ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́.

Oṣù kan kọjá. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ nígbà tí ohùn Aunty wọlé sórí fóònù mi. “Adédìran, aago room 2 ń dún lásán o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Salimat ti sáré wọlé lónìí, Miss Loretta wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ń sùn. Jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe é?”

Salimat ni òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó náà lọ́sàn-án. Ọmọ Ìwó ni, kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti gba ipò sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún oṣù kẹjọ. Èmi, ẹnu mi kún fún ìrẹsì. Mo tẹ fóònù, mo ní, “Network ni mà. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn.” Network yìí, òun ni àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń lé ẹni tí a ò fẹ́ dá lóhùn. Mi ò ronú kan ìbéèrè náà fún ìṣẹ́jú kan.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì ọ̀sán, Mr. Eli dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti lọ gbé fìlà wọn, wọ́n sì ṣubú láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Aunty ti lọ gba oògùn àwọn arúgbó ní ilé ìtajà. Salimat nìkan ló wà nílé. Ogójì ìṣẹ́jú ni bàbá fi wà nílẹ̀ kó tó rí wọn. Egungun ìbàdí wọn ti kán.

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, olùbẹ̀wò ìjọba dé. Ó béèrè àkọsílẹ̀ aago, Aunty pè mí, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Àkọsílẹ̀ mi ò ní nọ́ńbà yàrá, àdírẹ́ẹ̀sì àti àkókò nìkan ló ní, nítorí mo ń ṣọ́ àyè nígbà tí mò ń kọ ọ́. Obìnrin náà mú un lọ síwájú ògiri ìdáná, ó fi wé ìwé tó wà níbẹ̀. Yàrá karùn-ún. Aago dún ní méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì pa á ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Ó tún dún ní ìkẹfà, wọ́n tún pa á ní ìkeje. Wọn ò rí bàbá títí fi di ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta.

“Room 2 ló kọ,” Salimat ní. “Wallahi, room 2 ni mo rí.”

Miss Loretta ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé mọ̀. Mo wo ọmọ náà bí ẹní ń wo ọmọ tó jẹ ẹran inú ìkòkò tó tún ń nu ẹnu. Mo rántí pé aago room 2 ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mo sì sọ nínú ara mi pé, ṣé ẹ rí i, aago ti sú u, kò wo nọ́ńbà mọ́, ó kàn ń pa á. Ẹ̀rọ mi ò lè purọ́. Ènìyàn ló ń purọ́.

Ní Sátidé, Aunty ní kí Salimat wá bá mi nítorí lẹ́tà tó máa kọ sí ìjọba. “Uncle Dìran mọ̀wé kọ, ó máa bá ẹ kọ ọ́ dáadáa.” Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì fún un ní àga. Ó ní òun ò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ kọ, nítorí òun ò ṣe ohun tí wọ́n ní òun ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi àgbà.

“Salimat, ṣé o fẹ́ bá ìjọba jiyàn ni? Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Tí o bá ti bẹ̀bẹ̀, ó parí. Àwọn òyìnbó, they like people that take responsibility.”

“Ṣùgbọ́n Uncle, tí mi ò bá ṣe é ńkọ́?”

“Nílé wa, ṣé gbogbo ìgbà tí o kúnlẹ̀ fún bàbá ẹ ni o jẹ̀bi?”

 Ta ló lè dáhùn ìyẹn nínú wa? A ti bẹ ẹ̀bẹ̀ tí kì í ṣe tiwa láti kékeré. Àgbà á bínú, wàá kúnlẹ̀, á kùn, á ní dìde, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, a ó sì jọ jẹun. Mo wá tẹ̀ ẹ́ fún un lédè òyìnbó tó dán, ní ohùn tirẹ̀: mo tọrọ àforíjì pé mo pa aago Mr. Eli lẹ́ẹ̀mejì láì lọ wò wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fi “ó ti rẹ̀ mí” kún un, kí àánú lè ṣe wọ́n. Kò sọ ọ́ fún mi. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí i, ó ní, “Ẹ ṣé, Uncle.”

Ẹ̀bẹ̀ ò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n so lẹ́tà náà mọ́ fáìlì rẹ̀, ó sì di ẹ̀rí. Aunty ní láti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ìjọba dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó fi arúgbó sílẹ̀ láìtọ́jú. Bí orúkọ ènìyàn bá ti dé ibẹ̀, kò sí ilé arúgbó tàbí ọsibítù tó máa gbà á, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ò sì ní gbà á. Bó bá ní àtakò, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Fúráìdeè, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àtakò wo ló fẹ́ ṣe sí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí? Ó lọ wá iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Fairburn, ó ń di páálí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Aunty fún mi ní àpò ráńpẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. “Bọ́ọ̀dù tó ń ya wèrè ní room 2 nìyí. Mo yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá ṣubú. Bá mi wò ó, bóyá ó ṣì máa wúlò.”

Mo dé ilé, mo bọ́ aṣọ, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jáde. Mo wò ó. Mo wọ àwọn sílípáàsì mi, mo bọ́ wọn, mo tún wò ó. Àdírẹ́ẹ̀sì bọ́ọ̀dù Mr. Eli ni. Lára rẹ̀, níbi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, àbàwọ́n sweet tea ṣì wà níbẹ̀.

Mo pe Aunty, mo bi wọ́n léèrè bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan pé níbo ni wọ́n ti rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èyí tí mo sọ pé ó kú ni, àwọn gbé e sójú fèrèsé, oòrùn gbẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí bàbá ṣubú, bọ́ọ̀dù Miss Loretta bàjẹ́, àwọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn sì fi èyí rọ́pò rẹ̀. Iná rẹ̀ tàn. Fóònù tí wọ́n fi ń so bọ́ọ̀dù mọ́ àpótí béèrè pé yàrá wo, àwọn tẹ eéjì.

Ohun gbogbo tò síwájú mi. Àpótí mi ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdírẹ́ẹ̀sì yìí, yàrá kejì ni. Kò béèrè bóyá ẹlòmíràn ń jẹ́ ẹ, nítorí mi ò kọ́ ọ kó béèrè. Láti ìgbà yẹn, bí Mr. Eli bá dìde, ojú àpótí á kọ “2”. Salimat á sáré lọ sí yàrá kejì, á bá Miss Loretta lórí bẹ́ẹ̀dì, á padà wá pa aago. Bẹ́ẹ̀dì bàbá ṣófo, ó tún dún, ó tún sáré lọ. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀dù Miss Loretta ránṣẹ́ lórí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà pé ẹnìkan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àpótí gbà á gbọ́, ó sì dákẹ́. Ọmọ náà ò purọ́. Ẹ̀rọ mi ló purọ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ.

Ẹ ó rò pé mo dìde lójú ẹsẹ̀. Mi ò dìde. Mo dá bọ́ọ̀dù náà pa dà sínú àpò, mo fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo jẹun. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá. Mo ń sọ fún ara mi pé mo fẹ́ kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ojú ń tì mí ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àwọn ilé arúgbó mẹ́rin nínú ìjọ ti ń béèrè aago mi, pásítọ̀ ti pe orúkọ mi lórí pẹpẹ. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ní Wẹ́sìdeè mo sọ fún Aunty lórí fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Kò sí ẹnikẹ́ni mà.”

“Adédìran, gbọ́ mi. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo fi nǹkan tó ti bàjẹ́ sí yàrá aláìsàn, wọ́n á ti ilé yìí. Níbo ni àwọn arúgbó yìí máa lọ? Salimat ṣì kéré, Ọlọ́run á ṣínà fún un. She has even started another job. Ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀, má tú u mọ́.”

Mo ní, “Yes ma.” Ara mi sì balẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà méjì wà lọ́jà, a rí orí ọmọ tó wọ́, a sì fẹnu kò pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo ti rí ẹni tí màá sá sẹ́yìn rẹ̀. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ náà parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ní Tọ́sìdeè tó ku ọ̀la kí ọjọ́ àtakò pé, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ Mr. Eli níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìrìn padà. Mo ti parí shift àárọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo gbé èso dání, bí òmùgọ̀.

Bàbá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n ti rù. Wọ́n kí mi, wọ́n sì béèrè Salimat kó tó di pé mo jókòó. Wọ́n ní kí ló dé tí kò wá wo àwọn. 

“Mò ń pè é lọ́jọ́ yẹn, ohùn mi ò jáde,” wọ́n ní. “Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó. Mo sọ fún ara mi pé ẹlòmíràn ló nílò rẹ̀ jù mí lọ lónìí. Mo ní kí n ní sùúrù.”

Mo gbé èso náà sílẹ̀. Mi ò rántí bí mo ṣe dágbére. Mo wọ mọ́tò, mo gba ilé lọ mú àpò inú kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà, mo sì forí lé Fairburn.

Salimat wà nínú mọ́tò rẹ̀ ní parking lot ilé ìkẹ́rùsí náà, ó wà lórí break. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, aṣọ ìrun rẹ̀ wà ní kíká lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tó rí mi, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń kúnlẹ̀.

“Uncle! Kí ló dé? Ṣé Mr. Eli ni?”

“Rárá. Má kúnlẹ̀. Salimat, room 2 ló kọ. Òótọ́ lo sọ.”

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ogún ìṣẹ́jú mi, bọ́ọ̀dù ojú fèrèsé, àdírẹ́ẹ̀sì kan lára méjì. Mo fi bọ́ọ̀dù náà hàn án. Kò fọwọ́ kàn án.

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ọjọ́ mọ́kànlá.”

Ó gbára lé mọ́tò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú wa, ó ń ké pì, pì, pì, ọmọ náà sì dúró títí ọkọ̀ fi dákẹ́.

“Ẹ mọ nǹkan tí mò ń ṣe láti ìgbà yẹn?” ó ní. “Mo ti ń sọ fún ara mi pé five ló kọ, èmi ni mo kà á sí two. Because I was tired. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ka lẹ́tà yẹn, mo kà á, mo kà á, mo wá gbà á gbọ́, Uncle. Mo pe mummy mi ní Ìwó, mo ní èmi ni mo jẹ́ kí bàbá olóore yẹn dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa gbààwẹ̀. Mo ti ń gbààwẹ̀.”

Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, ara ìbá tù mí. Mo bọ́ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà tó gbóná, láàárín mọ́tò méjì, nínú aṣọ iṣẹ́ mi. Àwọn kan tó ń kọjá dúró wò wá. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ. Mo ní, “Salimat, dákun.”

“Ẹ dìde.”

“Dákun, mo bẹ̀ ẹ́.”

“Uncle, ẹ dìde, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ yín ṣe? Nígbà tí èmi kúnlẹ̀ ní kitchen yín, ìwé lẹ fún mi. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo dìde. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àṣìṣe kan wáyé nínú ètò àdírẹ́ẹ̀sì aago ilé náà.

“Ta ló ṣe àṣìṣe?” ó ní.

Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé èmi, Adédìran, fi àdírẹ́ẹ̀sì bọ́ọ̀dù kan sára òmíràn nítorí mò ń kánjú, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Monday ńkọ́? Nígbà tí Aunty bi yín?”

Mo kọ ìyẹn náà. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ lẹ́tà àforíjì Salimat, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, pé kò sọ fún mi rí pé ó rẹ òun. Mo kọ ọjọ́ mọ́kànlá. Mo so àwòrán bọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ mi mọ́ ọn, mo sì kọ orúkọ Mr. Eli pé wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Aunty ń pe fóònù mi ní gbogbo àkókò yìí, nítorí mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lójú ọ̀nà pé mo ń lọ sọ òótọ́ fún Salimat, pé mo ń bọ̀ ní Austell tí mo bá ti parí. Mi ò gbé e.

“Break mi ti fẹ́ parí,” Salimat ní. “Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.”

Mo kà á lédè òyìnbó. Ó ń mi orí sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ gbẹ. Mo dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé aago dún lẹ́ẹ̀mejì, pé lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Salimat sáré lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ mi tọ́ka sí.

“Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.”

Mo tún un kà.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. “Mo lọ,” ó ní. “Mo lọ, Uncle. Mo lọ.”